Kí ni "ìgbì ọgọ́rùn-ún ọdún"? Bí a ṣe ń ṣírò ìgbì àti ìṣàn òkun tí ojú kò tíì rí

Nínú ìwé ètò tí wọ́n fi ń kọ́ pèpéle ìwapo, ògiri ìdènà òkun tàbí òpó ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná lójú omi, gbólóhùn kan kì í wọ́n: "ó gbọ́dọ̀ lè dúró de ìgbì ọgọ́rùn-ún ọdún." Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kà á gbà pé ìgbì náà máa ń wá lẹ́ẹ̀kan ní 100 ọdún, pé bó bá ti wá lọ́dún yìí, ó di ayé àwọn ọmọ-ọmọ wa kó tó tún yọjú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àṣìgbọ́ yìí sì léwu, torí ó ń fi àwọn tó ń gbé etí òkun lọ́kàn balẹ̀ lẹ́yìn ìjì ńlá, nígbà tí kò sí ìdí kankan fún ìbàlẹ̀ ọkàn.

Ohun tí gbólóhùn náà ń sọ ni pé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ìṣeéṣe pé ìgbì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò wá jẹ́ 1 nínú 100. Ẹ fojú inú wo àpò kan tó ní òkúta wẹ́wẹ́ 100, tí 99 jẹ́ funfun, tí ọ̀kan sì pupa. Lọ́dọọdún a di ojú, a ki ọwọ́ bọ àpò, a mú òkúta kan, a wò ó, a dá a padà, a sì gbọn àpò náà. Bí pupa bá jáde lọ́dún yìí, ó ṣì wà nínú àpò lọ́dún tó ń bọ̀. Àpò kò ní iyè tó fi ń rántí.

Ẹ wá gbé e ka iye ọdún tí nǹkan yóò lò lójú òkun. Fún pèpéle tí yóò lo 25 ọdún, ìṣeéṣe pé kò ní bá ìgbì náà pàdé rárá ni 0.99 lọ́nà 25, ìyẹn 0.99 × 0.99 títí yóò fi pé 25, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 0.778. Nítorí náà, ìṣeéṣe pé yóò bá a pàdé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan jẹ́ nǹkan bí 22 nínú 100. Bó bá jẹ́ 50 ọdún, ó di 39.5. Bó bá jẹ́ 100 ọdún gan-an, 63 ni, kì í ṣe 100. Ẹni tó bá rí 22 nínú 100 yìí yóò mọ ìdí tí àwọn òfin kan fi ń béèrè ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Lẹ́yìn tí òkun ya wọ Netherlands lọ́dún 1953, tó sì pa ènìyàn 1,836 níbẹ̀, ìgbìmọ̀ Delta tí ìjọba wọn gbé kalẹ̀ yan ìwọ̀n omi tí ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 10,000 lọ́dún kan. Ní Hoek van Holland, ìyẹn jẹ́ mítà 5 lókè ìpele omi tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lórílẹ̀-èdè náà. Omi tó ṣọṣẹ́ lọ́dún 1953 dé mítà 3.85.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní àkọsílẹ̀ òkun fún 10,000 ọdún. Ọ̀pọ̀ ibi kò ní ti 50 ọdún pàápàá. Níbo ni wọ́n ti wá rí mítà 5?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń wọ̀n

Òkun kì í rán ìgbì kan náà léraléra. Nínú ìjì kan ṣoṣo, ìgbì kékeré, ìgbì ńlá àti alágbedeméjì máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ òkun bá sọ pé "ìgbì jẹ́ mítà 6 lónìí", wọn kò sọ̀rọ̀ ìgbì kan pàtó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni gíga pàtàkì: ẹ to gbogbo ìgbì tó kọjá láti orí èyí tó ga jù dé èyí tó kéré jù, ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà lókè, kí ẹ wá ìwọ̀n àárín gíga wọn, láti kòtò ìgbì dé góńgó rẹ̀. Harald Sverdrup àti Walter Munk ló gbé ìwọ̀n yìí kalẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ipò òkun fún ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀. Kọ̀ǹpútà òde òní kì í ka ìgbì lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́: ó wo bí ojú omi ṣe ń yà sókè sódò kúrò ní ìpele àárín rẹ̀, ó ṣírò ìwọ̀n ìyapa náà, ó sì fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Èsì méjèèjì máa ń súnmọ́ra gan-an.

Lọ́dún 1952, Longuet-Higgins, onímọ̀ ìṣirò tó ń ṣèwádìí òkun, fi hàn pé tí a bá ti mọ gíga pàtàkì, a lè mọ bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe pín yí i ká, nípa òfin kan tí wọ́n ń pè ní Rayleigh. Pín gíga ìgbì tí o ń béèrè pẹ̀lú gíga pàtàkì, sọ èsì náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, fi àmì ìyọkúrò ṣáájú rẹ̀, kí o wá gbé e lé orí òǹkà e (2.718). Èyí fi yé wa pé nǹkan bí ìgbì 1 nínú 7 ló ń ga ju gíga pàtàkì lọ. Èyí tó ga tó ìlọ́po kan àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 90. Èyí tó tó ìlọ́po méjì jẹ́ 1 nínú 3,000, òun sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè ní ìgbì abàmì.

Bí ìgbì kan bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó kọjá, ìjì oníwákàtí 3 yóò mú ìgbì 1,080 wá. Nínú ìgbì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èyí tó ga jù sábà máa ń tó ìlọ́po 1.87 gíga pàtàkì. Gíga pàtàkì mítà 10, nígbà náà, túmọ̀ sí pé kí a máa retí ìgbì kan tó súnmọ́ mítà 19. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ló ń ti ibí yìí wá: ẹni kan ka "mítà 10" nínú ìròyìn ojú ọjọ́, ó sì gbà pé kò sí ohun tí yóò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin Rayleigh dára, ṣùgbọ́n kò pé. Ní ọjọ́ 1 oṣù January, ọdún 1995, ẹ̀rọ tó wà lórí pèpéle Draupner ní Òkun Àríwá wọn ìgbì kan tó ga ní mítà 25.6, nígbà tí gíga pàtàkì jẹ́ nǹkan bí mítà 12. Tí a bá fi Rayleigh ṣírò gíga yẹn, ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 9,000. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ kì í ṣe ìyanu. Ìyanu wà nínú góńgó rẹ̀, tó gòkè ju ìpele àárín omi lọ ní mítà 18.5. Tí a bá gbà, gẹ́gẹ́ bí Rayleigh ṣe gbà, pé góńgó ìgbì àti kòtò rẹ̀ dọ́gba, ìṣeéṣe irú góńgó bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ bí 1 nínú mílíọ̀nù 180. Kò bọ́gbọ́n mu. Ìgbì ńlá kì í rí roboto: góńgó rẹ̀ máa ń ga, ó máa ń ṣe ṣóńṣó, kòtò rẹ̀ a sì fẹ̀, a pẹlẹbẹ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ pèpéle yóò ṣe ga tó kúrò lójú omi kò fi gbọdọ̀ pín gíga ìgbì sí méjì kó sì dúró síbẹ̀. Òfin míràn wà fún góńgó nìkan, bí èyí tí Forristall gbé jáde lọ́dún 2000, òun ni kó lò.

Láti 30 ọdún dé 100 ọdún

Gbogbo èyí wà nínú ìjì kan. Ìbéèrè tó le jù ni: ìjì wo ló lè wá?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pẹ̀lú nọ́ńbà àpẹẹrẹ. Ká ní a ní àkọsílẹ̀ 30 ọdún. Láti ọdún kọ̀ọ̀kan, a mú gíga pàtàkì tó ga jù lọ́dún náà, a sì ní nọ́ńbà 30. Ìwọ̀n àárín wọn jẹ́ mítà 8.0, ìwọ̀n ìyapa wọn jẹ́ mítà 1.2. Láti ọdún 1928 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò Fisher àti Tippett ti fi hàn pé bí a bá ń mú èyí tó ga jù nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, irú ohun yòówù kó jẹ́, èsì rẹ̀ máa ń súnmọ́ ọ̀kan nínú ìrísí mẹ́ta péré. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ orúkọ Gumbel, òun ló sì rọrùn jù láti fi ọwọ́ ṣe.

Fi 0.78 sọ ìwọ̀n ìyapa di púpọ̀: 1.2 × 0.78 = 0.936. Èyí ni òǹkà ìtànká. Fi 0.577 sọ òǹkà ìtànká di púpọ̀, kí o sì yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú ìwọ̀n àárín: 8.0 − 0.54 = 7.46. Èyí ni òǹkà ibùjókòó. Iye ọdún kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀: 2.25 fún 10 ọdún, 3.90 fún 50, 4.60 fún 100, 9.21 fún 10,000. Fi òǹkà ìtànká sọ ọ́ di púpọ̀, kí o sì fi òǹkà ibùjókòó kún un. Fún 100 ọdún: 7.46 + 0.936 × 4.60 = mítà 11.8. Ti 10 ọdún jẹ́ 9.6, ti 10,000 ọdún jẹ́ 16.1.

Ó parí? Kò tíì parí rárá, ibí ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà 30 kéré. Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ 30 ọdún míràn láti inú òkun kan náà ló wà lọ́wọ́ wa, èsì yóò yàtọ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, àṣìṣe tó ṣeé ṣe ká retí lórí mítà 11.8 jẹ́ 0.86, tó fi jẹ́ pé ohun tó yẹ ká sọ ni "láàárín mítà 10.1 sí 13.5, pẹ̀lú ìdánilójú 95 nínú 100". Tó bá jẹ́ 10 ọdún péré la ní, àlàfo náà yóò fẹ̀ sí i, yóò di bíi mítà 2.9 sókè àti sódò. Ìròyìn tó bá fún yín ní mítà 11.77 láìsọ àlàfo kankan kò sọ òtítọ́ tán. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn yẹn ń díbọ́n ìmọ̀ tí kò sí.

Ohun kejì tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìrù, ìyẹn bí ìṣeéṣe ṣe ń dín kù lọ́dọ̀ àwọn ìgbì tó ga jù. Gumbel gbà pé ìṣeéṣe ìgbì ńlá ń dín kù ní ìwọ̀n kan pàtó bí gíga ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn ìrísí méjì tó kù gbà ohun míràn: ọ̀kan ní ìrù tó gùn, tí kò tètè tán, èkejì ní òpin tí kò lè kọjá. Òǹkà kan ṣoṣo, òǹkà ìrù, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: òdo ni Gumbel, tó bá ju òdo lọ ìrù gùn, tó bá kéré sí òdo ìrù ní òpin. Ẹ di òǹkà méjèèjì òkè yẹn mú láìyí wọn padà, kí ẹ yí òǹkà ìrù nìkan sí 0.1 tàbí −0.1. Fún 100 ọdún, èsì di mítà 12.9 tàbí 10.9, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí 11.8. Fún 10,000 ọdún, ó di mítà 21.6 tàbí 13.1! Mítà 8.5 ló sì wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ 30 ọdún kò lè fi ìdánilójú sọ fún wa bóyá 0.1 ni tàbí −0.1. Bí a bá ṣe ń na ọwọ́ jìnnà sí ohun tí a ti rí tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a yàn láti gbà gbọ́ ń pàṣẹ ju ohun tí a wọ̀n lọ.

Nítorí náà, a máa ń wá ọ̀nà láti rí nọ́ńbà púpọ̀ sí i nínú àkọsílẹ̀ kan náà. Mímú ẹyọ kan lọ́dún ń ṣòfò, torí ọdún kan lè ní ìjì líle mẹ́ta, kí òmíràn má sì ní kankan. Ọ̀nà tó sàn ni kí a fa ìlà kan, ká sọ pé mítà 5.5, kí a sì mú gbogbo ìjì tí góńgó rẹ̀ kọjá ìlà náà. Iṣẹ́ tí Balkema àti de Haan ṣe lọ́dún 1974, àti ti Pickands lọ́dún 1975, fi hàn pé ohun tó bá kọjá ìlà tó ga tó máa ń tẹ̀lé ìrísí kan tí wọ́n ń pè ní Pareto alápapọ̀. Bí ìjì 4 bá ń kọjá ìlà lọ́dún kan, 30 ọdún yóò fún wa ní nọ́ńbà 120 dípò 30, ìgbì 100 ọdún yóò sì di èyí tí ìjì 1 nínú 400 lè mú wá.

Ìṣòro ni ibi tí a óò fa ìlà sí. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, a ti kó ìgbì ojoojúmọ́ mọ́ ìjì, ìrù yóò sì tẹ̀lé ohun tí kì í ṣe ti ìrù. Bó bá ga jù, nọ́ńbà díẹ̀ ló kù. Ẹ gbìyànjú ìlà mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ya òǹkà ìrù fún ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ yan ìlà tó kéré jù nínú ibi tí òǹkà náà ti dúró sójú kan. Tí èsì bá ń fò sókè sódò bí ìlà ṣe ń yí díẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ sì rí i dájú pé ìjì kan kò di mẹ́ta: wákàtí 20 léraléra tí gbogbo rẹ̀ kọjá mítà 5.5 jẹ́ ìjì kan ṣoṣo. Wọ́n sábà máa ń béèrè pé kí ọjọ́ 2 tàbí 3 wà láàárín góńgó méjì kí wọ́n tó kà wọ́n sí ìjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí orísun ìgbì bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ìjì líle ilẹ̀ olóoru tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan àti ìgbì ìgbà òtútù tó ń wá lọ́dọọdún kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Ṣírò ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, fún gíga kọ̀ọ̀kan, sọ ìṣeéṣe pé irú kìíní kò ní kọjá rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ti irú kejì.

Ohun tí a fi ń ṣe gbogbo èyí náà ní àléébù. Bọ́ọ̀yì tó ń wọn ìgbì lè já kúrò lẹ́nu ìdákọ̀ró rẹ̀ nínú ìjì tí a fẹ́ wọ̀n gan-an, kí àkọsílẹ̀ sì ní ihò níbi tó yẹ kó sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó bá ka ihò náà sí "kò sí ìjì" ti tan ara rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà tún kọ láti inú afẹ́fẹ́ àtẹ̀yìnwá, bí ERA5 ti ECMWF, àjọ asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, kò ní ihò, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 1940, wákàtí lórí wákàtí. Ṣùgbọ́n ojú àwọ̀n rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 31 fún afẹ́fẹ́, torí náà ó máa ń tẹ góńgó ìjì olóoru tó kéré ní fífẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi sátẹ́láìtì àti bọ́ọ̀yì yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá lórí àwọn ìjì tó ga jù, kí ẹ tó lò ó. Ìbáramu lórí ìwọ̀n àárín kò tó.

Ẹ má sì gbàgbé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Níbi tí omi kò jìn, ìgbì máa ń fọ́ nígbà tí gíga rẹ̀ bá súnmọ́ 0.78 jíjìn omi náà. Bí ìṣirò bá mú mítà 14 jáde fún ibi tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 10, ìṣirò náà kò mọ ibi tó wà.

Ìṣàn omi: ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀

Ẹni tó bá fi ọ̀nà ìgbì ṣe ìṣàn omi láìyí nǹkan kan padà yóò ṣìnà, torí apá kan nínú ìṣàn omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣeéṣe rárá. Kíkún àti fífà òkun, tí òṣùpá àti oòrùn ń darí, ṣeé ṣírò ṣáájú. Apá tó lágbára jù nínú rẹ̀ níbi púpọ̀ ń yí po ní wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ 29 tó láti ya àwọn apá ńlá rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọdún kan sàn jù. Bí a bá ti mọ̀ wọ́n, a lè ṣírò ìṣàn náà fún odindi àyípo 18.6 ọdún ti òṣùpá, kí a sì mọ èyí tó yára jù nínú rẹ̀.

Yọ ìyẹn kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n, ohun tó kù ni àṣẹ́kù, ìyẹn ìṣàn tí afẹ́fẹ́, ìjì àti àwọn odò ńlá inú òkun ń mú wá. Àṣẹ́kù yìí nìkan ló yẹ ká fi ìlà àti Pareto ṣe.

Báwo la ṣe wá ń dà wọ́n pọ̀? Ká ní èyí tó yára jù nínú ti òṣùpá jẹ́ mítà 1.0 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àṣẹ́kù 100 ọdún sì jẹ́ 0.8. Ọ̀pọ̀ ń rò wọ́n pọ̀ di 1.8, ṣùgbọ́n ti òṣùpá kì í wà lókè téńté ju wákàtí díẹ̀ lọ lóṣù, ìjì kò sì mọ kàlẹ́ńdà òṣùpá. Ohun tó tọ́ ni kí a mú ìwọ̀n ìṣàn òṣùpá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ìgbà tó ń wáyé, kí a pa á pọ̀ mọ́ ìwọ̀n àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣeéṣe tirẹ̀, kí a sì ro gbogbo ọ̀nà tí àpapọ̀ kan lè gbà wáyé. Bí èsì bá jẹ́ 1.4 dípò 1.8, ìyàtọ̀ náà ju bó ṣe rí lójú lọ. Agbára tí ìṣàn fi ń ti òpó ń tẹ̀lé ìwọ̀n ìyára tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, torí náà 1.8 ń ti òpó ju 1.4 lọ ní nǹkan bí 65 nínú 100. Owó irin ńlá nìyẹn. Àfi pé níbi tí omi kò jìn, àwọn méjèèjì máa ń dí ara wọn lọ́wọ́, wọn kò sì dá dúró mọ́.

Ìṣàn tún ní ojú tó kọ sí. 0.8 sí àríwá àti 0.8 sí gúúsù kì í ṣe nǹkan kan náà, bí òpó tàbí okùn ìdákọ̀ró bá ti ní ẹ̀gbẹ́ tó lágbára ju èkejì lọ. Pín ìṣàn sí apá méjì, èyí tó ń lọ lójú ọ̀nà tí omi sábà ń gbà àti èyí tó dábùú rẹ̀. Ìjìnlẹ̀ náà ń kọ́? Bí ẹ bá ṣírò ìṣàn 100 ọdún fún ojú omi, fún mítà 50, fún mítà 200 àti fún ìsàlẹ̀, tí ẹ wá fà wọ́n pọ̀ bí ẹni pé wákàtí kan náà ni gbogbo wọn ṣẹlẹ̀, òkun tí kò sí níbì kankan lẹ ti dá.

Ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn ìṣàn láti ìsàlẹ̀ wá sókè ní ojú afọ́ kan: nígbà tí ìtànṣán ìró rẹ̀ bá tẹ̀ ní dígírì 20, ìró tó ta padà láti ojú omi yóò ba bíi 6 nínú 100 jíjìn omi náà jẹ́ lókè, ibi tí ìṣàn tí afẹ́fẹ́ ń mú wá ti lágbára jù. Nínú odò òkun bíi Loop Current ní Òkun Mẹ́síkò, tó lè yára tó mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá, òfin ọjọ́ 2 tàbí 3 tí a fi ya ìjì sọ́tọ̀ kò wúlò. Ìyípo omi kan tó já kúrò lára rẹ̀ lè wà níbì kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo sì ni.

Nígbà tí gbogbo wọn bá pàdé

Pèpéle kì í gba ìgbì lónìí kó gba ìṣàn lọ́la. Ṣùgbọ́n ìgbì 100 ọdún pẹ̀lú ìṣàn 100 ọdún ní wákàtí kan náà sábà máa ń ṣọ̀wọ́n ju 1 nínú 100 lọ dáadáa. Ìlànà NORSOK, tí iṣẹ́ epo Norway ń tẹ̀lé, gbà kí a lo ìgbì àti afẹ́fẹ́ 100 ọdún pẹ̀lú ìṣàn 10 ọdún, níbi tí a kò bá ní àkọsílẹ̀ tó pọ̀ tó láti ṣírò ìbáṣepọ̀ wọn. Ibi tí a bá ti ní i, ẹ ya àwọn ìjì ńlá sọ́tọ̀ kí ẹ wo irú ìṣàn tó bá ìkọ̀ọ̀kan wá. Heffernan àti Tawn gbé ọ̀nà kan jáde fún èyí lọ́dún 2004: kí a béèrè pé nígbà tí ìgbì bá ti ga jù, báwo ni ìṣàn ṣe máa ń rí? Ìdáhùn lè le ju NORSOK lọ, ó sì lè rọrùn. Ní etí ìṣàn Agulhas ní gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìgbì ti ń dojú kọ ìṣàn líle, ìṣàn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìgbì di gíga àti dídúró ṣánṣán, kò sì sí bí a ṣe lè ṣírò ọ̀kan láìsí èkejì níbẹ̀.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá lọ́rọọrún, nọ́ńbà òkun náà sì nílò àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2004, nínú ìjì Ivan ní Òkun Mẹ́síkò, àwọn ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ omi wọn ìgbì kan tó ga ní mítà 27.7. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjì Katrina àti Rita wó pèpéle 113. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìjì wọ̀nyí mọ́ àkọsílẹ̀, nọ́ńbà 100 ọdún tí wọ́n ti ń lò kò dúró mọ́. Lọ́dún 2007, ìlànà tuntun tí API, àjọ iṣẹ́ epo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde kò ka òkun náà sí ọ̀kan mọ́, ó pín in sí ẹkùn mẹ́rin. Ẹkùn àárín, tí omi gbígbóná Loop Current ti ń fún ìjì lágbára, ló gba ìwọ̀n ìgbì tó ga jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.